Ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ ológun 911: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Oníbọhò Kwali

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ níbi gbàǹjo tí àwọn ológun lù ní Kàdúná. Mercedes LA 911 ni, onímú gígùn, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ náà ń fà. Ara rẹ̀ ṣì le, ìpẹtà kò tíì jẹ ṣáṣí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ OM352, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù, bí a bá sì ti kan òkè báyìí, gíá kejì la máa fi gùn ún.

Iṣẹ́ bọhò ni mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ni màá gbé ka ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì máa bá a wọ àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Kwali, Abaji àti Kuje. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú oṣù kẹjọ mọ ìdí tí mi ò fi ra 911 lásán.

Mẹkáníìkì mi ní Apo ní kí n wá ẹ́ńjìnnì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí. OM355 kan wà tí wọ́n tú lára tírélà. Cummins 6BT kan wà lára jẹnẹrétọ̀ tí apá tó ń mú iná wá ti jóná, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. OM366 tòkunbọ̀ tó ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, náà wà. Owó wọn kò jìnnà síra. Agbára ni mò ń wá, mo sì fẹ́ kó lè sáré díẹ̀ ní ọ̀nà Lokoja. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Dísẹ́ẹ̀lì, Kàdúná

Ẹ kú oríire ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé OM355 kúrò nílẹ̀. Lítà 11.6 ni, ọkọ̀ ńláńlá bíi 1924 ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá gbé e síwájú 911, sípíríǹgì iwájú á tẹ̀, ásùlù iwájú á máa gbé ẹrù tí wọn kò dá a fún, ẹ ó sì máa gé irin títí kó tó wọlé. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, gíábọ́ọ̀sì tó lè gba agbára rẹ̀ kò sí nínú ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì tó ní ó ṣeé ṣe kò parọ́. Ẹ kàn bi í léèrè ta ló máa sanwó àwọn nǹkan tó bá fọ́.

Ẹ tún wo orúkọ ọkọ̀ yín dáadáa. Bí Mercedes ṣe ń sọ ọkọ̀ lórúkọ nígbà náà, nọ́ńbà iwájú ni ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù ní tọ́ọ̀nù, ti ẹ̀yìn ni agbára ẹṣin tí a bá fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. 911 ni tọ́ọ̀nù 9, agbára ẹṣin 110. 1113 ni tọ́ọ̀nù 11, agbára ẹṣin 130. Lẹ́tà A inú LA ló ń sọ pé gbogbo ẹsẹ̀ ló ń fà. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí ẹ máa gbé síbẹ̀ tó máa sọ 9 yẹn di 14, torí ṣáṣí, sípíríǹgì àti búréèkì ló ni nọ́ńbà iwájú, ẹ́ńjìnnì kò ní in. Báwo ni ẹ̀rọ bọhò yín ṣe wúwo tó?

Ọmọ Zuba

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ní tèmi o, Cummins ni kó mú, kó má ronú kankan. Lítà 5.9 ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju OM352 tó jẹ́ 5.7, ṣùgbọ́n ó ní turbo. Àwọn tí wọ́n fi sínú Dodge ní Amẹ́ríkà láti 1989 ní agbára ẹṣin 160, wọ́n sì ń fún 540 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan. OM352 kò ju bíi 360 Nm lọ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Páàtì rẹ̀ kún Zuba, ó kún Kofar Ruwa ní Kánò, torí kò sí ilé iṣẹ́ tí kò ní jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Kò sì nílò kọ̀ǹpútà, pọ́ǹpù lásán ni.

Bàbá Dísẹ́ẹ̀lì, Kàdúná

Ọmọ mi, o sọ òótọ́, ṣùgbọ́n o fo ibi tó le. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún un wá láti ara jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ mọ̀: kó máa yí ní 1500 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí iná lè dúró ní 50 Hz. Gọ́fánọ̀ inú pọ́ǹpù rẹ̀, ohun tó ń darí ìyára ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n ti ṣètò mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ ìtẹ̀sẹ̀, kò ní lọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, á máa já sílẹ̀ gìrì gìrì. Dandan ni kí ẹ gbé pọ́ǹpù náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán pọ́ǹpù wò, kó fi gọ́fánọ̀ ọkọ̀ sí i, kó sì tún ìwọ̀n epo rẹ̀ ṣe. Tàbí kí ẹ wá pọ́ǹpù tó jẹ́ ti ọkọ̀ látilẹ̀. Owó gidi ni, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ «pump calibration» sára ògiri ló ní ẹ̀rọ náà.

Nǹkan mìíràn tún ni pé píìnì kékeré kan wà nínú ilé gíá táímíìnì níwájú 6BT àtijọ́. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá já sáàárín àwọn gíá yẹn, ó lè fọ́ ilé gíá tàbí kó ba táímíìnì jẹ́ pátápátá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan dí i lójú, bọ́ọ̀tù kan ló ń gbé e dúró. Iṣẹ́ kékeré, owó kékeré, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣí iwájú ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ra 6BT kó béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é.

Ọmọ Zuba

Mo gbà, bàbá. Píìnì yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà á.

Sájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ológun ni mo fi gba owó oṣù títí mo fi fẹ̀yìntì ní NAEME, ẹ̀ka àwọn ológun tó ń tún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ n bi Oníbọhò ní ìbéèrè kan: ta ló sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ńlá máa mú ọkọ̀ sáré?

Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú mi. Gíá òkè pátápátá, ẹ́ńjìnnì àti pùròpẹ́là ń yí bákan náà. Ká ní ásùlù yín jẹ́ 6 sí 1, ìyẹn ni pé pùròpẹ́là á yí lẹ́ẹ̀mẹfà kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, táyà 9.00-20 sì ń rin bíi mítà 3.1 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. OM352 lè yí dé ìgbà 2800 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí 6, á jẹ́ 467. Ẹ fi 3.1 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, á fún yín ní kìlómítà 87 láàárín wákàtí kan. Ẹ wá mú 6BT tó máa ń dúró ní 2500. Ìṣirò kan náà á fún yín ní 77 tàbí 78. Ẹ ti náwó, ẹ ti gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára wọlé, ọkọ̀ yín ṣì ń falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí agbára máa ṣe ni pé ẹ kò ní bọ́ sí gíá kejì mọ́ bí ẹ bá ń gun òkè. Sísáré jẹ́ ọ̀rọ̀ kúráùn àti píníọ̀nù, gíá méjì inú ásùlù, àti ọ̀rọ̀ táyà. Ẹni tó bá fẹ́ kí 911 ológun sáré máa ń wá kúráùn tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kan náà níwájú àti lẹ́yìn. Bí iwájú bá jẹ́ 6, tí ẹ̀yìn jẹ́ 5, ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà lórí ilẹ̀ líle ni transfer, gíábọ́ọ̀sì kékeré tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, máa fọ́.

Èyí tó tún burú jù ni pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé gíá ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ yín ní transfer. Bí ẹ bá fi gíá kíní, tí ẹ tún fi transfer sí ìsàlẹ̀, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ti di ìlọ́po púpọ̀ kó tó dé ásùlù. Nígbà tí ẹ bá wá fi 540 rọ́pò 360, ohun tó ń lọ sí sááfútì àti sí cross joint ti fi ìdajì ju ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún lọ. Ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀, tí dírẹ́bà sì bínú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ni sááfútì rẹ̀ máa ń ṣẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́ ológun, a máa ń fi wíǹṣì fà á. Ẹ ra wíǹṣì.

Oníbọhò Kwali

Ẹ ṣé gan-an ni, Sájẹ́ńtì. N ò tíì ro ti ìṣirò yẹn rí. Bàbá, mo ti wọn ẹ̀rọ náà: tọ́ọ̀nù 3 ó lé díẹ̀, láìka páìpù tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀, láìka omi. Wọn ò kọ nọ́ńbà ásùlù sí ibi kankan tí mo lè rí.

Bàbá Dísẹ́ẹ̀lì, Kàdúná

Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sókè, ẹ fi gíá sí àárín, ẹ fi ẹfun sàmì sí pùròpẹ́là. Ẹ yí ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ka iye ìgbà tí pùròpẹ́là yí. Iye yẹn ni ásùlù yín. Ẹ ṣe ti iwájú náà lọ́tọ̀, kí ẹ má fọkàn tán ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn.

Páìpù àti omi, ẹ kó wọn sínú ọkọ̀ mìíràn. Búréèkì yín ò yí padà. Ọkọ̀ tó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó tún kún dé ẹnu, lórí búréèkì àtijọ́, ọ̀nà Lokoja ni yóò ti bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà Panteka

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ẹ̀rọ gé irin fún ẹ́ńjìnnì kan kó lè bá gíábọ́ọ̀sì mìíràn mu, Panteka níbí ní Tudun Wada. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Cummins máa gbà yín lọ́wọ́, kí ẹ fi ṣe ìdájọ́.

6BT tó wá láti ara jẹnẹrétọ̀ sábà máa ń ní bell housing (ilé irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì) tó jẹ́ ìwọ̀n SAE 3. Bọ́ọ̀tù méjìlá ló yí i ká, àyíká tí bọ́ọ̀tù wọ̀nyẹn wà fẹ̀ tó milimítà 428.6. Ti Mercedes kò bá a mu rárá. Nítorí náà, a ó gé irin pẹlẹbẹ kan tí ojú kan rẹ̀ máa gba SAE, tí ojú kejì máa gba gíábọ́ọ̀sì. Àwọn wẹ́dà kan máa ń gé irin náà pẹ̀lú iná, wọ́n á fi ojú wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì dì í. Ọkọ̀ náà máa rìn. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n, bíárìn àárín flywheel (irin rìbìtì ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) á jẹ, orí sááfútì gíábọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, kò sì ní pẹ́ tí gíá á fi máa já jáde fúnra rẹ̀. Ìdí ni pé àárín ẹ́ńjìnnì àti àárín gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́. Dial gauge ni a máa ń so mọ́ flywheel, a ó yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́, a ó máa wo bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe ń rìn káàkiri ihò bell housing. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín milimítà 0.20. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò ní í jẹ́ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi.

A tún gbọ́dọ̀ wo bí sááfútì gíábọ́ọ̀sì ṣe gùn tó nínú flywheel, bóyá kílọ́ọ̀ṣì yóò bá eyín rẹ̀ mu, ibi tí mọ́tò sítáàtì máa jókòó, àti bóyá fọ́ọ́kì kílọ́ọ̀ṣì máa lè tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Irin pẹlẹbẹ yẹn náà máa ti ẹ́ńjìnnì síwájú tàbí kó ti gíábọ́ọ̀sì sẹ́yìn. Bí gíábọ́ọ̀sì bá lọ sẹ́yìn, pùròpẹ́là àárín ní láti kúrú. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kan ṣáà gé pùròpẹ́là, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń bálánsì rẹ̀.

Ìbéèrè yín nìyẹn: ṣé ẹ fẹ́ san gbogbo owó yẹn nígbà tí OM366 wà nílẹ̀? Ìdílé kan náà ni òun àti OM352. Ihò sílíńdà OM352 jẹ́ milimítà 97, ìrìn písítìnì rẹ̀ 128. OM366 jẹ́ 97.5 àti 133. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ, ẹ ti dé lítà 6 nìyẹn. Ẹ̀yìn bulọ́ọ̀kù rẹ̀ yóò gba bell housing yín láìsí irin pẹlẹbẹ kankan. Ẹ kàn ní láti fi flywheel àti kílọ́ọ̀ṣì tó bá a wá síbi tí ẹ ti lè wọ̀n wọ́n.

Ọmọ Zuba

Ẹnjiníà, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́ o 😀

Ará Jọ́ọ̀sì

Mo kín OM366 tó ní turbo lẹ́yìn. Òkè Jọ́ọ̀sì fi ohun tó lé ní mítà 1200 ga ju ojú òkun lọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní gbogbo 1000 mítà tí ẹ bá gùn. Turbo kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bọhò bá gbé yín wá síbí lọ́jọ́ kan, ẹ máa rántí mi.

Ará Sókótó

Ẹ dákun, gbogbo yín ti gbàgbé ooru. Oníbọhò kò ní máa rìn nígbà gbogbo. Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń gba agbára láti ara gíábọ́ọ̀sì, ọkọ̀ á dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ooru níbí ju 40 lọ. Kò sí atẹ́gùn ìrìn tó máa fẹ́ sí rádíétọ̀. Fáànù nìkan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ́ńjìnnì tó ń fún agbára púpọ̀ ń sun epo púpọ̀, ooru tó ń dà sínú omi rẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Rádíétọ̀ tí wọ́n ṣe fún agbára ẹṣin 110 kò lè gba ti 170. Ẹ wá rádíétọ̀ láti ara ọkọ̀ tó ti ní OM366 pẹ̀lú turbo tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n bá yín fi ìlà kan kún ti àtijọ́. Ohun tí mo rí pé àwọn ènìyàn kì í kà sí rárá ni ike tó máa ń yí fáànù ká. Bí kò bá sí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná á kàn máa yí padà wá síwájú rádíétọ̀, fáànù á máa fẹ́ ohun tó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ike náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí fáànù dáadáa. Fáànù iná tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ẹ fi geèjì ooru tó ní nọ́ńbà sí i, kì í ṣe èyí tó kàn ní àwọ̀ ewé àti pupa. Tí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ jẹ́ kí turbo tutù, kí ẹ́ńjìnnì yí díẹ̀ láìsí ẹrù kí ẹ tó pa á. Ọ́ìlì tó bá dúró nínú turbo tó ń gbóná máa ń jóná di èédú síbẹ̀.

Oníbọhò Kwali

Ará Sókótó, ìwọ gan-an lo sọ̀rọ̀ sí ibi tí mo ń gbé. Láti ara gíábọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ mi ń gba agbára, òótọ́ ni. Mo ti pinnu: OM366. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èyí tí mo fẹ́ rà kò ní já mi kulẹ̀?

Àlàájà Páàtì, Zuba

Ẹ kú àṣeyọrí, ọmọ mi. Iṣẹ́ mi nìyí. Àkọ́kọ́, má ra ẹ́ńjìnnì tí kò jí níwájú rẹ. Ẹni tó bá sọ pé bátìrì kò sí, kó lọ yá a. Fọwọ́ kàn án kí o tó jí i; bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti gbóná rẹ̀ sílẹ̀ kí o má baà rí èéfín àárọ̀. Nígbà tó bá jí, ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Èéfín díẹ̀ kò burú. Bí ó bá ń fẹ́ jáde bí ẹnu ọkọ̀ ojú irin, ríìngì ti lọ. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn tó gbóná, wo hẹ́ẹ̀dì àti nọ́sùlù. Dúdú lásán kò bà mí lẹ́rù, àtúnṣe epo ni.

Yí ṣáfútì turbo pẹ̀lú ọwọ́ nígbà tó bá kú, tó sì tutù. Kó yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ má kan ara ilé turbo rárá. Lẹ́yìn náà, ka àkọlé kékeré tó wà lára pọ́ǹpù. Ti Bosch máa ń kọ PES6, 6 yẹn ni sílíńdà mẹ́fà, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ irú pọ́ǹpù náà, bí A tàbí P. Tí àkọlé bá ti fọ́ kúrò, béèrè ìdí. Wọ́n lè ti gbé pọ́ǹpù OM352 lé OM366 orí, mo ti rí i lọ́jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ́ńjìnnì náà á jí dáadáa, kò kàn ní lágbára.

Wá gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lórí, kí o fi ojú ara rẹ wo nọ́ńbà náà lára bulọ́ọ̀kù kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì fá a, sáré kúrò níbẹ̀.

Ẹnjiníà Panteka

Àlàájà ti parí ẹ̀. N ó fi ọ̀rọ̀ sump, àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kún un. OM366 tí ẹ máa rí lọ́jà wá láti ara ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ń fà. Ọkọ̀ yín ní ásùlù iwájú tó ń gòkè wá sábẹ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí sípíríǹgì bá tẹ̀. Bí sump rẹ̀ bá jìn níwájú, orí díffíríńṣà yóò gbá a lọ́jọ́ tí ẹ bá kó sínú ihò. Ẹ gbé ti OM352 yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wọlé. Tí ẹ bá sì pààrọ̀ rẹ̀, páìpù tó ń fa ọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá sump tuntun náà mu, kó má jìnnà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí páìpù rẹ̀ ń fa atẹ́gùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè kò ní lo ọdún kan.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ búréèkì àti pọ́ǹpù sítíárìn, ẹ rí i dájú pé wọ́n wà lára ẹ́ńjìnnì tuntun kí ẹ tó sanwó. Iná ọkọ̀ yín jẹ́ 24 V, kí mọ́tò sítáàtì rẹ̀ náà jẹ́ 24. Búréèkì èéfín tó ń dí páìpù salẹ́ńsà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù, òun ni yóò máa gbà yín lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ òkè. Irin tí ẹ́ńjìnnì máa jókòó lé, ẹ fi bọ́ọ̀tù dì í mọ́ ṣáṣí. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó ṣáṣí, kó má sì lu ihò sí etí òkè tàbí ìsàlẹ̀ irin náà, àárín ni ihò ń wà. Ṣáṣí LA máa ń lọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá gun orí òkúta, ibi tí wọ́n jó ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Bàbá Dísẹ́ẹ̀lì, Kàdúná

Ẹ ṣàfikún fíltà afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ ń bọ̀. Turbo ń fa atẹ́gùn púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fíltà àtijọ́ 911 kò ní tó o. Ẹ wá èyí tó tóbi, kí rọ́bà tó wà láàárín fíltà àti turbo jẹ́ tuntun, kí ẹ fi kílíìpù tó dára dì í. Ihò tó kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́ lórí rọ́bà yẹn, yanrìn inú ọyẹ́ á wọ inú sílíńdà, ríìngì á sì jẹ kí ọdún tó yí po. Ẹ fi fíltà tó ń ya omi kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì sí i pẹ̀lú, ẹ mọ irú dísẹ́ẹ̀lì tí a ń rà.

Lọ́yà Kubwa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ìwé ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá ti yí ẹ́ńjìnnì padà, ẹ gbé rìsíìtì Àlàájà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tún un kọ, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọlọ́pàá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀. Ìwé gbàǹjo láti ọ̀dọ̀ ológun, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, kí ojúlówó rẹ̀ wà nílé.

Àwọ̀ ńkọ́?

Oníbọhò Kwali

Àwọ̀ ewé ológun ló ṣì wà lára rẹ̀, Lọ́yà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì

Ẹ kùn ún kó tó jáde ní ọgbà mẹkáníìkì. Ẹ pa gbogbo nọ́ńbà àti àmì ológun rẹ́. Ọkọ̀ aláwọ̀ ológun tí aráàlú ń wà ní ọ̀nà Kàdúná lóde òní, ẹni tó bá dá yín dúró kò ní kọ́kọ́ béèrè ìwé. Àwọ̀ yẹ́lò dára fún bọhò, wọ́n á máa rí yín láti òkèèrè, oníbàárà náà á sì mọ̀ yín.

Oníbọhò Kwali

Ó dáa, sà. Yẹ́lò ni. Mo ti ka ásùlù bí Bàbá ṣe kọ́ mi, iwájú àti ẹ̀yìn bára mu. N ò ní fọwọ́ kan kúráùn báyìí, ìyára lè dúró, agbára òkè ni kí n kọ́kọ́ rí. Àlàájà, mò ń bọ̀ ní Zuba lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi OM366 yẹn pamọ́, pẹ̀lú flywheel àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Àlàájà Páàtì, Zuba

Káàbọ̀, ọmọ mi. A kì í fi ẹnu lásán fi ẹ́ńjìnnì pamọ́ ní Zuba. Fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́ lónìí, kí o sì mú bátìrì méjì tó kún wá, torí 24 ni.